Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lórí “Michael”, Ewì Darandaran Orí Òkè

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kàwé ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó mọ orúkọ William Wordsworth nípasẹ̀ ewì kékeré kan tí ó kọ lórí àwọn òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí ń jó lẹ́bàá adágún. Wọ́n ti kọ́ ọ sórí, wọ́n sì lè kà á láìwo ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdòdó náà kì í hù ní ilẹ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ni ní ewì náà kò sì fojú rí i rí. A kò bá ewì náà jà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn wá pé àwọn ènìyàn a máa rò pé Wordsworth kò mọ̀ ju òdòdó àti ẹyẹ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wúwo jù lójú tiwa ni ìtàn tí ó fi ewì sọ nípa àgbà darandaran kan, aya rẹ̀, àti ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. “Michael” ni ó pe orúkọ rẹ̀.

Níbi tí a bá sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní “Michael” pàápàá, ọ̀nà kan ni ó wọ́pọ̀ tí a fi ń kọ́ ọ. A ó ní kí wọ́n kà á tán, a ó sì bi wọ́n pé: Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Ìdáhùn tí olùkọ́ ń retí ni pé ìlú ńlá kò dára, pé kí ọmọ gbọ́ ti baba rẹ̀, pé ẹgbẹ́ búburú a máa ba ìwà rere jẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, Ìwé Mímọ́ sì ti sọ ọ́ kí a tó bí Wordsworth. Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé ohun tí ewì náà wí nìyẹn, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àgbègbè kan wà tí ó kún fún òkè àti adágún. Ẹni tí ó bá mọ òkè Ìdànrè yóò ní láti yí ojú inú rẹ̀ padà díẹ̀, nítorí òkè ibẹ̀ kì í ṣe àpáta dúdú tí igbó yí ká. Koríko ni ó bo púpọ̀ nínú wọn dé òkè, igi kò pọ̀ lórí wọn, òjò dídì a máa bò wọ́n nígbà òtútù, àgùntàn a sì máa jẹ kiri níbẹ̀. Grasmere jẹ́ ìletò kan ní àfonífojì láàrin irú òkè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1799 ni Wordsworth, ẹni tí a bí ní ọdún 1770 ní Cockermouth ní àgbègbè kan náà, kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Dorothy àbúrò rẹ̀ obìnrin, sí ilé kékeré kan tí a wá ń pè ní Dove Cottage lẹ́yìn náà.

Dorothy a máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Láti inú ìwé rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1800 ni àwọn méjèèjì gun òkè lọ lẹ́bàá odò kékeré tí à ń pè ní Greenhead Ghyll, tí wọ́n ń wá ọgbà àgùntàn kan tí a fi òkúta mọ. Wọ́n rí i. Ọgbà náà ti ń wó; ìrísí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọkàn ènìyàn tí a pín sí méjì, tí apá kan sì tóbi ju èkejì lọ. Láti ìdí òkúta wíwó yìí ni ewì náà ti jáde. Wordsworth parí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sì fi í ṣe ìkẹyìn nínú ìdìpọ̀ kejì ìwé tí ń jẹ́ Lyrical Ballads, èyí tí ó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1801.

Ìtàn náà kò díjú. Michael ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ó mọ ohùn afẹ́fẹ́ gbogbo, bí ìjì bá sì ń bọ̀, òkè ni ó ń gbà lọ láti kó ẹran rẹ̀ jọ. Isabel aya rẹ̀ fi ogún ọdún kéré sí i. Ó ní kẹ̀kẹ́ ìrànwú méjì, ńlá fún irun àgùntàn, kékeré fún ọ̀gbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ọ̀kan àfi bí ó bá kan èkejì. Ogbó ti dé sí Michael kí wọ́n tó bí Luke, nítorí náà ìfẹ́ tí ó ní sí ọmọ náà kì í ṣe kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, bí ìyá ti ń ṣe. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún márùn-ún, ó gé ọ̀pá darandaran fún un. Nígbà tí ó pé mẹ́wàá, wọ́n jọ ń gun òkè.

Ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kì í jókòó lásán. Wọn a tan àtùpà àtijọ́ kan, baba àti ọmọ a máa ṣiṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ rẹ̀, ìyá a máa ranwú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú gan-an. Ilé náà wà ní ibi gíga, nítorí náà gbogbo àfonífojì ni ó ń rí iná náà lóròòru, wọ́n sì sọ ilé náà ní orúkọ ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́, èyí tí Yorùbá ń pè ní Àgùàlà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Àwa náà a máa wo Àgùàlà lẹ́bàá òṣùpá, àwọn tí kò mọ̀ a sì máa wí pé ajá òṣùpá ni. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdílé yìí rí: wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀, wọn kò sì sin ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ tí ẹran wọn ń jẹ lórí rẹ̀, tiwọn ni.

Ilẹ̀ náà ni kókó ọ̀rọ̀. Nígbà tí Michael jogún rẹ̀, gbèsè wà lórí rẹ̀. Títí ó fi di ẹni ogójì ọdún, ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ogún náà kò ju ìdajì lọ. Ó ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́, ó rà á padà tán. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ arákùnrin rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tí nǹkan sì ń ṣẹnuure fún, kí àjálù tó dé bá a lójijì. Owó tí a wá ń béèrè lọ́wọ́ Michael fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun gbogbo tí ó ní. Ẹni tí ó ti ka ìwé Òwe yóò rántí bí Sólómọ́nì ti kìlọ̀ nípa ìṣe onígbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ìyá tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rí? Akéwì kò bá a wí, àwa náà kì yóò bá a wí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí Michael lọ́kàn ni pé kí òun ta apá kan ilẹ̀ náà. Ó rò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó sọ fún aya rẹ̀ pé bí oko náà bá bọ́ sí ọwọ́ àlejò, òun kì yóò lè sinmi nínú ibojì. Nítorí náà ó pinnu pé kí Luke, ẹni ọdún méjìdínlógún, lọ bá ìbátan wọn kan tí ń ṣòwò ní ìlú ńlá, kí ó ṣiṣẹ́ títí gbèsè náà yóò fi tán, kí ó sì padà wá jogún ilẹ̀ tí kò ní ẹrù lórí. Bí Isabel ti ń gbọ́ èyí, Richard Bateman ni ó sọ sí i lọ́kàn, ọmọ aláìní kan tí ìjọ dáwó fún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti fi ra agbọ̀n àti ọjà wẹ́wẹ́, tí ó lọ sí London, tí ó di ọlọ́rọ̀ lókè òkun, tí ó sì kọ́ ilé ìsìn tí a fi òkúta mábù tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí ìlú tí a ti bí i. Ilé ìsìn náà kì í ṣe àròsọ. Ó wà ní Ings, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Kendal lọ sí Ambleside. Ẹ kíyè sí i pé àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó fi ìyá náà lọ́kàn balẹ̀. Ẹnìkan tí ó lọ tí ó sì là ni gbogbo ìlú ń rántí. Àwọn mẹ́wàá tí ó lọ tí a kò gbúròó wọn mọ́, kò sí ẹni tí ń fi òkúta mábù ṣe ìrántí wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò náà, Michael mú ọmọ rẹ̀ lọ sí etí Greenhead Ghyll, níbi tí ó ti kó òkúta jọ láti fi mọ ọgbà fún àgùntàn wọn. Ó sọ ìtàn ìgbà èwe ọmọ náà fún un, ó sọ ti àwọn baba ńlá wọn tí ó ti gbé ilẹ̀ náà, ó sì ní kí Luke fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀, kí ó jẹ́ májẹ̀mú láàrin àwọn méjèèjì. Luke ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ó lọ. Ìwé tí ó kọ́kọ́ ń kọ wálé dára, baba rẹ̀ a sì máa lọ mọ ọgbà náà nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ó bá ìwà búburú lọ, ìtìjú dé bá a, ó sì sá kọjá òkun. Michael gbé ọdún méje sí i. Isabel gbé bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òun náà kú, a ta ilẹ̀ náà, ó bọ́ sí ọwọ́ àlejò. Ilé tí ń jẹ́ Àgùàlà kò sí mọ́. Igi óákù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti òkúta ọgbà tí a kò mọ tán ni ó kù.

Wàyí o, ewì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 ìlà. Ẹ ka iye ìlà tí akéwì fi sọ ìṣubú Luke: wọn kò pé mẹ́wàá. Kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá, kò dárúkọ ẹni tí ó bá kẹ́gbẹ́, kò mú wa wọ ilé ọtí kankan. Bí ó bá ṣe pé ìwàásù lórí ìlú ńlá ni ó fẹ́ wàá, níhìn-ín ni ìbá ti la ẹnu rẹ̀. Ó kọjá lọ bí ẹni tí ń kọjá níwájú ilé ọ̀fọ̀. Ìlà tí ó lò fún àtùpà nìkan pọ̀ ju èyí tí ó lò fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà lọ. Nígbà tí akéwì bá ti fi bí ó ti ń pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn wá báyìí, kò tọ́ kí olùkọ́ wá fi gbogbo wákàtí rẹ̀ sórí ibi tí òun kò dúró sí.

Kí ni ewì náà wá wí? Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yíyàn tí kò sí ọ̀nà rere nínú rẹ̀ ni. Michael fẹ́ràn ilẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọmọ, ìfẹ́ méjèèjì sì ti dì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀: nítorí ọmọ ni ó ṣe ń pa ilẹ̀ mọ́, nítorí ilẹ̀ ni ó ṣe wá ń rán ọmọ lọ. Àwọn baba wa mọ irú ìṣirò yìí. Ní ayé àtijọ́, bí gbèsè bá wọ ìdílé lọ́rùn, a lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ ọmọ náà ni ó dúró fún èlé, a kì í sì í tú u sílẹ̀ títí a ó fi san owó náà pé. Luke kì í ṣe ìwọ̀fà. Kò sí ẹni tí ó dè é, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà láti lọ. Síbẹ̀ ẹni tí a bá ti sọ ìtàn ìwọ̀fà fún nínú agbolé rẹ̀ yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn kíákíá ju ọ̀mọ̀wé tí ó mọ gbogbo òfin ewì lọ: ènìyàn ni a fi lélẹ̀ kí ohun ìní má bàa lọ.

Ní òde òní ọ̀rọ̀ náà ti yí orí padà láàrin wa. Àwọn òbí ń ta ilẹ̀ láti fi rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí sí òkè òkun. Michael rán ọmọ lọ kí ó má bàa ta ilẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé nínú àwọn baba méjì yìí, ta ni ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù. Wọn kì yóò fi ẹnu kan dáhùn. Nínú kíláàsì kan náà ni a ó ti rí ọmọ tí a ta oko kòkó baba rẹ̀ fún owó ìwé rẹ̀, àti ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ láti ọdún púpọ̀ tí kò kọ̀wé sílé. Ìdí nìyí tí a fi ń tako ìwàásù kúkúrú yẹn. Ọmọ tí ń gbọ́ ọ mọ̀ pé òun náà lè di Luke lọ́la, àti pé bí òun bá dà á, ohun tí àwọn àgbà yóò sọ kò ju pé ẹgbẹ́ búburú ni òun kó. Ẹnikẹ́ni kì yóò rántí béèrè ẹni tí ó jẹ gbèsè náà.

Wordsworth mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ìlú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1801 ó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí Charles James Fox, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú lẹ́tà gígùn kan. Ó tọ́ka sí “Michael” àti ewì mìíràn, “The Brothers”. Ó ní irú àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ kékeré tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní “statesman” ní àgbègbè náà, ń parẹ́ kíákíá. Ó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ inú ilé ń rọ̀ mọ́ tí kò fi túká. Ó sì dá ẹ̀bi fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbilẹ̀ àti àwọn ilé tí a ń kó aláìní sí, pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Ẹ rántí àwọn kẹ̀kẹ́ Isabel. Nígbà tí a ń kọ ewì náà, ẹ̀rọ ìrànwú ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Lancashire, kò sì sí obìnrin tí ó lè bá ẹ̀rọ du owó.

Fox fèsì ní oṣù Karùn-ún. Ó yin àwọn ewì mìíràn nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ní ti àwọn méjì tí Wordsworth dárúkọ, ó ní òun kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìlà tí kò ní ìró ìparí tí ó bára mu, bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀ṣọ́. Àwa kò gbà fún un. Ìlà “Michael” ní ìró mẹ́wàá mẹ́wàá, òpin ìlà kan kò sì fi ohùn jọ òpin èkejì. Ó ń lọ bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lórí òkè, láìyára, láìdúró. Bí a bá fi ìró tí ó bára mu sí òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ìtàn náà yóò máa jó, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í sì í jó. Yàtọ̀ sí èyí, kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa Yorùbá láti gbádùn irú ìlà bẹ́ẹ̀. Oríkì àti ìjálá wa kò gbára lé ìró ìparí rárá. Ìwé kíkà ti òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa retí rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kan fi ń rò pé ohun tí kò bá ní in kì í ṣe ewì.

Níbi tí akéwì ti ń sọ nípa ọdún méje ìkẹyìn ni ọgbọ́n rẹ̀ ti hàn jù. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé baba náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo lórí òkè, pé ó ṣì ń lọ sí ìdí ọgbà náà, àti pé àwọn aládùúgbò gbàgbọ́ pé ọjọ́ púpọ̀ wà tí ó lọ tí kò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni ó fi sọ ti ìkẹyìn yìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ọmọdé ń lò. Matthew Arnold, ẹni tí ó ṣa ewì Wordsworth jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1879, mú ìlà yìí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ agbára rẹ̀ tí ó ga jù. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹkún níbẹ̀. Baba náà kò gégùn-ún, kò sì sọ̀rọ̀. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni a ti gbọ́ ọ, bí ẹni pé akéwì pàápàá kò fẹ́ sún mọ́ ọn jù.

Èyí kan àwọn tí ń gbìyànjú láti túmọ̀ ewì náà sí èdè wa. A ti rí ìtumọ̀ tí ó mú omijé ṣàn bí odò níhìn-ín, tí ó sì fi ọfà gún baba náà lọ́kàn. Èdè Yorùbá dùn, ó sì rọrùn láti fi adùn rẹ̀ pa irú ibi báyìí. Kí a sọ pé ó lọ. Kí a sọ pé kò ṣiṣẹ́. Kí a sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá lè dákẹ́ níbẹ̀, kí ó lọ túmọ̀ ewì mìíràn.

Kristẹni kan kò lè ka ìtàn yìí kí ọkàn rẹ̀ má lọ sí òwe Ọmọ Onínàákúnàá, pàápàá nígbà tí orúkọ ọmọ náà jẹ́ Lúùkù, tí ó sì jẹ́ pé nínú Ìhìnrere Lúùkù nìkan, ní orí 15, ni a ti rí òwe náà. Ṣùgbọ́n Luke ti Grasmere kò padà wá. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn pé ewì náà kò ní ìrètí nínú, pé kò yẹ fún ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Akéwì sọ pé ìtùnú kan wà nínú ìfẹ́ tí ó lágbára, tí ń jẹ́ kí ènìyàn lè fara da ohun tí ìbá wó o pa. Ó kéré sí ìrètí tí a ti fi fún wa, a mọ̀. Síbẹ̀ a kò fẹ́ kí ó fi nǹkan kan kún un. Baba inú òwe náà, kí ọmọ rẹ̀ tó yọ lókèèrè, ọdún mélòó ni ó fi ń wo ọ̀nà? Kí ni ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní àwọn ọdún náà? Òwe náà kò sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ayọ̀ baba yẹn, kí ó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú Michael lẹ́bàá òkúta.

Àléébù kò ṣàìsí. Luke kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ nínú gbogbo ewì náà. A sọ fún wa pé ó fi ohùn ayọ̀ dá ìyá rẹ̀ lóhùn, pé ó sunkún lẹ́bàá ọgbà, pé ó kọ ìwé wálé. Ohun tí ó wí gan-an kò dé etí wa. Baba rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ títí, ó pẹ́, ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà bóyá yóò lè gbé ẹrù ilẹ̀ tí òun kò fi dógò. Àwọn kan yóò wí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ilé wọn, pé ọmọ kì í fèsì sí irú baba bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Àwa ìbá fẹ́ láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ìbá à tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan. Ti Isabel burú jù. Òun ni ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ kò ti sinmi lójú oorun, òun ni ó bẹ ọmọ náà pé kí ó má lọ, nítorí pé bí ó bá lọ baba rẹ̀ yóò kú. Nígbà tí ọmọ náà sọnù tán, akéwì kò tún wo ojú ìyá náà mọ́, àfi láti sọ ọdún tí ó lò sí i àti pé a ta ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tí ó fún ní kẹ̀kẹ́ méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, kò fún un ní ọ̀fọ̀ tirẹ̀ ní ìparí.

“The Brothers”, tí ó wà nínú ìdìpọ̀ kan náà, ṣe èyí sàn díẹ̀, bí kò tilẹ̀ lágbára tó “Michael”. Níbẹ̀, Leonard tí ó ti lọ ṣe atukọ̀ nítorí pé gbèsè gba ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ padà wá sí Ennerdale láti wá James àbúrò rẹ̀. Ó bá àlùfáà ìjọ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìsìnkú tí kò ní òkúta ìrántí kankan, àlùfáà náà kò sì dá a mọ̀. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò aláìníṣẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ni Leonard ti gbọ́ pé James ti jábọ́ láti orí àpáta, ó sì ti kú. Ó padà sínú ọkọ̀ láì jẹ́ kí a mọ òun, lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé sí àlùfáà náà. A fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ka ewì yìí dáadáa, nítorí ọkùnrin rere ni àlùfáà náà, ó mọ ìtàn gbogbo òkú tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró láàyè níwájú rẹ̀ ni kò wò dáadáa.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà kí a tó fi kálámù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1800, ọjọ́ méjìlá ṣáájú ọjọ́ tí Wordsworth àti Dorothy wá ọgbà àgùntàn lọ, wọ́n sin John àbúrò wọn gun òkè dé ibi adágún kékeré kan, wọ́n sì yà níbẹ̀. Atukọ̀ ni John. Ìrètí rẹ̀ ni pé èrè tí òun bá rí lórí òkun yóò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun lè máa gbé Grasmere, kí ó sì máa kọ ewì. Ìdílé Wordsworth náà ń retí owó ẹni tí ó lọ. John kò padà sí àfonífojì náà mọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ rì ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1805, ó sì bá a lọ. A ti kọ “Michael” tán ní ọdún mẹ́rin kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1843, nígbà tí ó ti darúgbó, Wordsworth sọ ìtàn àwọn ewì rẹ̀ fún Isabella Fenwick, ọ̀rẹ́ ìdílé rẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ilé mìíràn ní àfonífojì náà ni wọ́n ń fi orúkọ ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ pè. Ó sì ní láti ara ìdílé kan tí ó ti ni ilé tí òun ń gbé ní Grasmere tẹ́lẹ̀ rí, pẹ̀lú oko díẹ̀ lẹ́bàá adágún, ni òun ti mú ìwà Luke àti ohun tí ó bá a. Ilé tí ó ń san owó rẹ̀, tí ó jókòó sí nígbà tí ó ń kọ ọ́ pé ohun ìní Michael bọ́ sí ọwọ́ àlejò, ilé náà nìyẹn. Láti ọdún 1891 ni a ti ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ wò.